Ọwọ́ Ọlọ́kọ̀ Ni Fíltà Afẹ́fẹ́ Inú Ọkọ̀ Yẹ

Nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà lára ọkọ̀, ọ̀kan wà tí mo gbà pé kò yẹ kí ọlọ́kọ̀ ilẹ̀ Kétu fi lé ẹlòmíì lọ́wọ́: pípààrọ̀ fíltà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ tí àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀ ń mí. Kì í ṣe fíltà tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì ni mò ń wí. Ìyẹn kò ṣòro rántí, nítorí bí ó bá dí, ọkọ̀ kò ní lágbára mọ́, ọlọ́kọ̀ fúnra rẹ̀ á sì gbé ọkọ̀ lọ bá mẹ́káníìkì kí ìṣòro tó pọ̀. Fíltà inú ọkọ̀ kò kan ẹ́ńjìnnì rárá. Ó lè dí pátápátá kí ọkọ̀ ṣì máa sáré láti Kétu dé Kutọnu bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Ẹ̀dọ̀fóró awakọ̀, ti ìyàwó rẹ̀ àti ti ọmọ tó sùn sí ìjókòó ẹ̀yìn ni ìyà náà ń jẹ, kò sì sí iná kankan ní dáṣíbọ́ọ̀dù tó máa tàn láti kéde rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju èyí lọ: lórí ilẹ̀ òkè tó tẹ́jú tí a ń gbé yìí, ìwé tó bá ọkọ̀ wá kò lè mọ ìgbà tó yẹ kí a pààrọ̀ fíltà yẹn, mẹ́káníìkì tó ń rí ọkọ̀ náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò sì lè mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà lójoojúmọ́ ló lè mọ̀ ọ́n, kò sì ní ọ̀nà méjì tó fi máa mọ̀ ọ́n ju kó fọwọ́ ara rẹ̀ yọ fíltà náà jáde kó wò ó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí ọkọ̀ wa ń rìn lórí rẹ̀. Láti Sakété dé Pobè, títí wọ Kétu, ilẹ̀ pupa ló pọ̀ jù, èyí tí àwọn Faransé ń pè ní terre de barre: amọ̀ àti iyanrìn tó pò mọ́ra, tó jinlẹ̀, tó sì gba àgbàdo, ẹ̀wà, ẹ̀pà àti ọ̀pẹ dáadáa. Ilẹ̀ pupa yìí náà ni àwọn baba ńlá wa pò tí wọ́n fi mọ odi ìlú Kétu, òun la ṣì ń rí lára ẹnubodè Àkábà Ìdènà. Bí ẹnì kan bá pò ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń le bí òkúta. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, tí táyà ọkọ̀ àti ti alùpùpù ń lọ̀ ọ́ láti àárọ̀ dalẹ́, á di lẹ́búlẹ́bú tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ. Lóòótọ́, ọ̀nà gbọọrọ tó ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) gba Sakété àti Pobè wá sí Kétu ti ní ọ̀dà. Àmọ́ oko kò sí lórí ọ̀dà, abúlé púpọ̀ kò sí lórí ọ̀dà, ẹni tó bá sì fẹ́ kó àgbàdo tàbí gàrí lọ sọ́jà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà ilẹ̀ pupa kó tó débẹ̀. Ọkọ̀ tó bá wà lẹ́yìn ọkọ̀ mìíràn ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ nínú oṣù Èrèlè kò rí nǹkan kan níwájú ju ìkùukùu pupa lọ, inú ìkùukùu yẹn ni fáànù ọkọ̀ sì ti ń fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Eruku ilé nìyẹn. Èyí tó ti ọ̀nà jíjìn wá tún wà, òun ló sì burú jù fún ẹ̀dọ̀fóró. Bí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ láti ìparí oṣù Bélú, ó ń kó eruku láti aṣálẹ̀ àríwá wá, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, tó jìnnà sí wa ní nǹkan bí 2,000 kìlómítà. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá ayé àtijọ́ ni Bodélé, nígbà tí Adágún Chad ṣì tóbi ju bó ti wà lónìí lọ fíìfíì. Adágún náà gbẹ níbẹ̀, ó ku àṣẹ́kù àwọn ohun ẹlẹ́mìí inú omi tí ojú lásán kò lè rí, funfun, fúyẹ́, ìjì sì ń gbé e káàkiri. Àwọn tó ń ṣèwádìí nípa eruku kà á mọ́ ibi tí eruku ti ń jáde jù lọ ní gbogbo ayé. Iyanrìn tó wúwo máa ń já sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Èyí tó kúnná jù lọ ló ń dé ọ̀dọ̀ wa, ìdí nìyẹn tí eruku ọyẹ́ fi ń bà sórí tábìlì bí àtíkè, tí a kì í sì í gbọ́ pé ó kan wá lára. Ohun tó ju ìdá mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà kan lọ, imú àti ọ̀nà ọ̀fun sábà máa ń dá a dúró. Èyí tí kò tó ìdá méjì àbọ̀ nínú ẹgbẹ̀rún ló ń lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí irú eruku kíkúnná yìí ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe sọ ní 2021 pé kò yẹ kó ju 5 máíkírógíráàmù lọ nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan ní ìṣirò ọdún, tàbí 15 ní ìṣirò ọjọ́ kan. Ní 2013, ẹ̀ka àjọ náà tó ń ṣèwádìí nípa àrùn jẹjẹrẹ ti ka afẹ́fẹ́ ìta tó dọ̀tí mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀run wa nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń ràn bí òṣùpá, kò nílò ẹ̀rọ ìwọ̀n kó tó mọ̀ pé a ti rékọjá 15 yẹn.

Lórí eruku méjèèjì yìí ni èéfín tún wá dà lé. Àkókò ọyẹ́ kan náà ni àwọn àgbẹ̀ ń dáná sun igbó tí wọ́n ṣán, tí àwọn tó ń sun èédú sì ń ṣiṣẹ́ wọn. Alùpùpù àwọn zémídjan, àwọn tó ń fi alùpùpù gbé èrò, pọ̀ ní ìgboro, kpayo, epo tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ni púpọ̀ nínú wọn ń lò, àwọn ti ayé àtijọ́ tó ń po ọ́ìlì mọ́ epo sì ń tú èéfín aláwọ̀ búlúù jáde. Ní Onigbolo, ní agbègbè Pobè, ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà níbẹ̀, àwọn tírélà tó ń kó ẹrù wọlé tó ń kó sìmẹ́ǹtì jáde sì ń gba ọ̀nà kan náà tí gbogbo wa ń gbà. N kò ka nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀ láti dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Mo kà wọ́n sílẹ̀ nítorí pé fíltà inú ọkọ̀ ní ilẹ̀ Kétu ń ṣe iṣẹ́ mẹ́rin pọ̀, àwọn tó kọ ìwé ìlò ọkọ̀ kò sì ní ju ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn lọ́kàn.

Ìwé yẹn gan-an ló kàn báyìí. Iléeṣẹ́ Nash ní Amẹ́ríkà ti gbé ẹ̀rọ tó ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé, tó sì ń sẹ́ ẹ, sínú ọkọ̀ láti 1938, àmọ́ ó pẹ́ gan-an kí nǹkan náà tó di ohun tí gbogbo ọkọ̀ ń ní. Peugeot 504, tí ilé iṣẹ́ Peugeot ní Kaduna bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní 1975 tí gbogbo agbègbè wa sì fi ṣe ọkọ̀ èrò fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò ní in rárá. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi í sínú ọkọ̀ wọn láti nǹkan bí 1990 wá, ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó tó ń mú wọn sín ní ìgbà ìrúwé, àti èéfín ọkọ̀ inú ìgboro. Lórí ìyẹn ni wọ́n gbé ìṣirò wọn lé: ìwé púpọ̀ ní kí a pààrọ̀ fíltà lẹ́yìn 15,000 sí 30,000 kìlómítà, tàbí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Nísàlẹ̀ ojú ewé, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, wọ́n á ní kí ẹni tó ń wakọ̀ níbi tí eruku pọ̀ tètè pààrọ̀ rẹ̀. Báwo ló ṣe yẹ kó tètè tó? Wọn kò sọ. Wọn kò sì lè sọ ọ́, nítorí kìlómítà kì í ṣe ohun tó ń dí fíltà. Ọkọ̀ tó sáré 10,000 kìlómítà lórí ọ̀dà láàárín Àjàṣẹ́ àti Kutọnu nígbà òjò lè ní fíltà tó ṣì mọ́. Èyí tó rin 2,000 péré ní ọ̀nà oko nínú ọyẹ́ lè ní fíltà tí afẹ́fẹ́ kò gbà kọjá mọ́.

Ìwé náà tún ní àléébù mìíràn: ó gbà pé ẹni tó ni ọkọ̀ mọ ìtàn rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú ọkọ̀ wa ni wọ́n ti lò kó tó dé èbúté Kutọnu. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kà á ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ti lò ni Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà tà sí òkè òkun, ilẹ̀ Áfíríkà ló sì gba ìpín tó pọ̀ jù. Fíltà inú ọkọ̀ wà lára ohun tí olówó rẹ̀ àkọ́kọ́ kò náwó sí mọ́ nígbà tó ti mọ̀ pé òun fẹ́ tà á. Ẹni tó bá ra ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tí kò wo ibẹ̀ ń mí ewé gbígbẹ ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù mọ́ eruku Kétu. Àwọn ọkọ̀ mìíràn sì wà tí àyè fíltà wà nínú wọn, tí ẹni tó ṣe wọ́n ò fi nǹkan kan síbẹ̀, nítorí pé fún àwọn tó bá san owó kún owó nìkan ni wọ́n ń fi í sí. Ọlọ́kọ̀ tí kò ṣí i wò rí lè lo ọkọ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá kó máa rò pé òun ní fíltà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ojú àti ọwọ́ ọlọ́kọ̀. Kí ọyẹ́ tó wọlé, ní oṣù Bélú, kí ó yọ fíltà, kí ó gbé e sókè sí oòrùn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń gba àárín àwọn ìṣẹ́po rẹ̀ kọjá, kó dá a padà. Kó tún yọ ọ́ ní àárín oṣù Ṣẹ́rẹ́. Bí ó bá ti pupa dé ìdí ìṣẹ́po, tí oòrùn kò gbà á kọjá mọ́, ọjọ́ ti pé, ohun yòówù kí kìlómítà sọ. Bí agbára ẹnì kan kò bá ká ju fíltà kan lọ́dún, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó fi tuntun sí i ní oṣù Ẹrẹ̀nà, nígbà tí ọyẹ́ ti lọ tí òjò àkọ́rọ̀ sì ń bọ̀. Àwọn kan á ní ṣebí ìbẹ̀rẹ̀ ọyẹ́ ló yẹ kí tuntun wọlé, kó lè gbéjà ko eruku. Èrò wọn kò burú, àmọ́ fíltà tó gbé eruku ọyẹ́ dání tí ọ̀rinrin òjò wá bá ni ibi tí ebu ti ń hù, òórùn kíkan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ bí wọ́n bá tan éésì nínú oṣù Òkúdù sì ń ti ibẹ̀ wá. Fíltà tí ó ti lo oṣù mẹ́jọ lè fara da ọyẹ́ bí a bá ń yọ ọ́ gbọ̀n. Èyí tó ti gba ọyẹ́ sára kò yẹ kó gba òjò.

Iṣẹ́ náà kò le. Nínú púpọ̀ ọkọ̀ Toyota, irú Corolla tó jáde láti 2002, àti nínú Nissan àti Hyundai púpọ̀, ẹ̀yìn àpótí kékeré iwájú ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni fíltà wà. A ó pa ẹ́ńjìnnì, a ó kó ohun tó wà nínú àpótí jáde, a ó yọ okùn tàbí apá ike kékeré tó ń dì í mú lẹ́gbẹ̀ẹ́, a ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sínú kó lè wálẹ̀. Ìdérí ike tẹ́ẹ́rẹ́ á hàn lẹ́yìn rẹ̀, ìkọ́ méjì ló dì í mú. Kò sí súkúrù kan láti tú. Kí a fa fíltà jáde gbọọrọ, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, láìgbọ̀n ọ́n nù nínú ọkọ̀, nítorí ohun tó wà lórí rẹ̀ lè já sínú fáànù, ewé gbígbẹ kan ṣoṣo sì tó láti mú kí fáànù máa pariwo. Kí a fi aṣọ ọ̀rinrin nu ihò náà. Ọfà kan wà lára fíltà tuntun. Ní Toyota púpọ̀ wọ́n kọ UP sí i, òkè ló sì gbọ́dọ̀ kọjú sí. Níbi tí wọ́n bá ti kọ AIR FLOW, ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà ni ọfà náà ń tọ́ka sí. Bí a bá fi í sódì, ó ṣì ń sẹ́, ṣùgbọ́n ìhà tí wọ́n ṣe fún eruku wíwúwo kò ní sí níwájú mọ́, ó sì máa tètè dí. Bí ọwọ́ bá kan wáyà tí wọ́n fi rọ́bà yẹ́lò dì, kí a fi í sílẹ̀, ti àpò afẹ́fẹ́ ààbò ni. Àwọn ọkọ̀ Jámánì kan yàtọ̀. Nínú Golf 4, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni fíltà wà, nídìí wáípà, lábẹ́ ike tó ń darí omi òjò. Ibẹ̀ ń fẹ́ sùúrù, torí pé bí ìdérí rẹ̀ kò bá jókòó dáadáa, omi òjò á máa kán sí ibi ẹsẹ̀ ẹni tó jókòó níwájú, kápẹ́ẹ̀tì á sì rà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ewé máńgò tó kó jọ síbẹ̀ ni kí a kọ́kọ́ gbá kí a tó ṣí nǹkan kan.

Ẹni tó fẹ́ràn àdúgbò rẹ̀ lè bi mí pé: ṣé kí mẹ́káníìkì wá jẹ erùpẹ̀ ni? Ìbéèrè tó nítumọ̀ ni, torí pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ẹkùn Plateau wa yìí ló ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí wọ́n ń gbà lórí fíltà inú ọkọ̀ kò tó nǹkan, òun gan-an sì ni ìdí tí wọn kì í fi í rántí rẹ̀. Ọ̀gá tó ní ọkọ̀ mẹ́ta tó ti tú ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀ máa ń fi í lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ sì ń kánjú, ó ń ṣẹ́ ìkọ́ ike, àpótí iwájú á sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n pẹkẹpẹkẹ ní gbogbo ọ̀nà. Ọlọ́kọ̀ tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan kékeré yìí kò gba oúnjẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Òun ni yóò tètè gbọ́ pé fáànù ń lọ́ra, òun ni yóò rí i pé eku ti ń kó okùn àti òwú sínú ihò afẹ́fẹ́, iṣẹ́ gidi tó sanwó ni yóò sì gbé lọ bá mẹ́káníìkì. Mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ náà ju pé kí n máa fi í ṣe ohun tí olówó rẹ̀ lè ṣe láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Àtakò kejì lágbára ju ìyẹn lọ, torí pé owó ló dá lé. Wọ́n ní: asẹ́ ògì, ṣebí a ń fọ̀ ọ́ ni, kí ló dé tí a ò fi ní fọ fíltà tàbí kí a fi ẹ̀rọ afátáyà fẹ́ ẹ? Asẹ́ ògì ní ihò, ohun tó bá tóbi ju ihò rẹ̀ lọ kò kọjá, òpin ọ̀rọ̀ nìyẹn, omi ò sì bà á jẹ́. Fíltà inú ọkọ̀ kò ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òwú ike tó kúnná ni, àlàfo tó wà láàárín àwọn òwú náà sì tóbi ju eruku ọyẹ́ lọ. Ohun tó fi ń mú eruku kíkúnná ni iná mànàmáná díẹ̀ tí wọ́n ti fi sára òwú náà nígbà tí wọ́n ń ṣe é, tó ń fa eruku mọ́ra bí kóòmù tí a fi ya irun gbígbẹ ṣe ń fa ègé bébà. Omi àti ọṣẹ ń pa agbára yẹn. Fíltà tí a fọ̀ á funfun, ọlọ́kọ̀ á yọ̀, afẹ́fẹ́ á sì tún máa wọlé dáadáa, àmọ́ eruku tó ń pani lára gan-an ni yóò máa gbà á kọjá. Ẹ̀rọ afátáyà náà ń ya òwú, ó sì ń ti eruku wọnú lọ. Ohun tí mo fara mọ́ kò ju pé kí a gbé e síta, kí a rọra gbá a mọ́ igi kí eruku pupa tó wúwo jábọ́, ní ìhà tó dọ̀tí. Ìyẹn lè fi oṣù kan tàbí méjì kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò sọ ọ́ di tuntun, ẹni tó bá sì ń ṣe é kò gbọ́dọ̀ tan ara rẹ̀ jẹ.

Àwọn mìíràn ní kò sí éésì nínú ọkọ̀ àwọn, fèrèsé ṣíṣí ni àwọn fi ń rìn, kí wá ni àǹfààní fíltà? Mo gbà fún wọn dé àyè kan. Bí fèrèsé bá ṣí, fíltà kò ní agbára kankan lórí ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí awakọ̀ ilẹ̀ yìí tí kì í ti fèrèsé pa bí tírélà bá ń bọ̀ níwájú ní ọ̀nà ilẹ̀ pupa, ìṣẹ́jú márùn-ún ìkùukùu yẹn gan-an ni eruku pọ̀ jù. Bí ó bá ti í pa, fáànù nìkan ló kù tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọlé fún un. Ní ìgbà òjò pẹ̀lú, tí gíláàsì iwájú ń ṣú, afẹ́fẹ́ tó lágbára láti ìsàlẹ̀ ló ń là á, fíltà tó dí sì ń sọ awakọ̀ di afọ́jú sójú ọ̀nà. Bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ya ọfà tó yípo sí, èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ ìta pa, tó sì ń yí ti inú po. Nínú ọkọ̀ tí fíltà rẹ̀ wà lẹ́yìn àpótí iwájú, afẹ́fẹ́ inú náà sábà máa ń tún gba fíltà kọjá, ó sì ń mọ́ sí i bó ti ń yípo. Nínú àwọn tí tiwọn wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, afẹ́fẹ́ ìta nìkan ló ń gba ibẹ̀. Ẹni tó ti fọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọ́ rí mọ èyí tí ọkọ̀ tirẹ̀ jẹ́, ó sì mọ bó ṣe yẹ kó lo bọ́tìnì náà nínú eruku. Bí ìrìn bá gùn, kó máa ṣí i díẹ̀díẹ̀, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò yí padà ń fa oorun.

Ọ̀kan ṣì kù tó ń bà mí nínú jẹ́, èyí tí àwọn kan nínú iṣẹ́ yìí ń gba oníbàárà nímọ̀ràn láti ṣe: kí a yọ fíltà kúrò pátápátá, kí éésì lè fẹ́ dáadáa. Lóòótọ́, lọ́jọ́ náà gan-an afẹ́fẹ́ á le sí i. Ṣùgbọ́n irin tútù éésì wà lẹ́yìn fáànù, irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín tó tò mọ́ra, omi sì ń ṣẹ́ sí ara rẹ̀ nígbà gbogbo tó bá ń ṣiṣẹ́. Ilẹ̀ pupa tó bá kan irin tútù tó lómi lára á di amọ̀, amọ̀ náà á sì gbẹ mọ́ ọn bí ti ara ògiri. Láàárín ọyẹ́ méjì, afẹ́fẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ yọ fíltà á tún ti dín kù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nínú ọkọ̀ púpọ̀ ẹ kò sì lè fọ irin náà láìtú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ẹ fi owó iṣẹ́ yẹn wé owó fíltà kan. Fíltà tó dí náà ní ìbàjẹ́ tirẹ̀: ẹ̀yà iná kékeré tó ń pín agbára fáànù sí ọ̀kan, méjì, mẹ́ta jókòó sójú ọ̀nà afẹ́fẹ́ kí ó lè máa tutù, bí afẹ́fẹ́ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń gbóná títí yóò fi jó. Bí ẹ bá rí ọkọ̀ tí fáànù rẹ̀ kì í ṣiṣẹ́ àyàfi lórí nọ́ńbà tó ga jù, ẹ wo fíltà rẹ̀ kí ẹ tó fi ẹ̀yà iná tuntun sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tuntun náà á tún jó.

Kò yẹ kí n gbé fíltà ga ju bó ti mọ lọ. Èyí tó funfun lásán ń mú eruku, kò mú òórùn. Èyí tí wọ́n fi èédú pàtàkì sí nínú, tó dúdú tàbí tó ní àwọ̀ eérú, ń dín òórùn èéfín kpayo àti ti iná igbó kù, ó sì wọ́n ju ìyẹn lọ. Fún ẹni tó ń gba àárín ìgboro Pobè tàbí Kétu lójoojúmọ́, mo rò pé ó tó owó rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú méjèèjì tó ń dá káábọ́nù mọ́nọ́ksáìdì dúró, afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín tí kò ní òórùn tí kò sì ní àwọ̀. Nítorí náà ọkọ̀ tí páìpù èéfín rẹ̀ ti lu, tí èéfín ń gba abẹ́ rẹ̀ wọlé, kò sí fíltà tó lè gbà á, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni sùn sínú rẹ̀ pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì títàn. Ní ti ọjà, ẹ má fi iye owó nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Ẹ ka ìṣẹ́po rẹ̀, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: fíltà tí fọ́ọ̀mù etí rẹ̀ kò kún ihò rẹ̀ dáadáa ń jẹ́ kí eruku gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, èyí sì burú ju kí òwú rẹ̀ má dára púpọ̀ lọ. Kí ẹ mú ti àtijọ́ dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ gbé méjèèjì léra.

Kí tuntun tó wọlé, ẹ mú báírò tàbí máákà, ẹ kọ oṣù àti iye kìlómítà sí etí rẹ̀, ní ìhà tí ẹ máa kọ́kọ́ rí bí ẹ bá tún ṣí i. Bí ẹ bá yọ ọ́, ẹ fi ohun tí ẹ kọ wé bó ṣe dọ̀tí tó. Lẹ́yìn ọyẹ́ méjì, ẹni tó ń gbé Sakété tó sì ń rìn lórí ọ̀dà lè rí i pé òun kò nílò ju ọ̀kan lọ lọ́dún, kí ẹni tó ń kó ẹ̀pà jáde láti abúlé ìhà Idigny sì rí i pé méjì ni tòun, nígbà mìíràn mẹ́ta. Àwọn méjèèjì lè máa wa Corolla kan náà, ọdún kan náà, pẹ̀lú ìwé ìlò kan náà nínú àpótí iwájú.